Ètò rédíò pẹ̀lú àwọn àgbà bésíbọ́ọ̀lù tó ti fẹ̀yìn tì, báwo ni màá ṣe mú wọn sọ̀rọ̀?

Atọ́kùn_Sátidé
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan níbí l'Amẹ́ríkà, àwọn tí agbára wọn ò ju 100 watts lọ yẹn, ti fún mi ní wákàtí kan ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, mo sì fẹ́ kó jẹ́ àwọn tó ti gbá bésíbọ́ọ̀lù fẹ̀yìn tì ni màá máa gbà lálejò, inú mi dùn sí i gan-an torí mo fẹ́ràn eré yìí dénú. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ́ àwọn ètò míì, ìdáhùn kan náà ló ń jáde, "tíìmù wa dáa, mo dúpẹ́," ó parí. Báwo ni màá ṣe mú ẹni tó ti sọ ìtàn ẹ̀ láìmọye ìgbà sọ nǹkan tuntun? Ta ni kí n sì kọ́kọ́ pè, n ò mọ gbajúmọ̀ kankan.

BàbáScorecard
Àbúrò, kú oríire o. "Báwo ló ṣe rí lára yín" ló ń ba irú ètò yìí jẹ́. Mú ọjọ́ kan, mú bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó jù tàbí tó gbá lọ́jọ́ náà, kó o bi í nípa ẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìdíje wọn wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Retrosheet àti Baseball-Reference, ka ti àlejò ẹ títí wàá fi rí ibi tí nǹkan ti yí. Wò ó, lọ́dún 1968 àwọn pitcher, ìyẹn àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù, fojú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù rí màbo, ERA pitcher kan tó ń jẹ́ Bob Gibson, ìyẹn iye àmì ayò tí wọ́n ń jẹ lára ẹ̀ ní ìpíndọ́gba nínú odindi ìdíje kan, jẹ́ 1.12, ni wọ́n bá gé òkìtì tí pitcher ń dúró lé kúrò ní ínǹṣì 15 sí 10 nígbà tó di 1969. Tí àlejò ẹ bá ju bọ́ọ̀lù lọ́dún méjèèjì, bi í pé ibo lẹsẹ̀ ẹ̀ ń balẹ̀ sí tẹ́lẹ̀, ibo ló wá ń balẹ̀ sí lẹ́yìn ẹ̀, kí ni curveball ẹ̀, bọ́ọ̀lù tó máa ń tẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn, wá ń ṣe. Kò sí ìdáhùn àkọ́sórí fún irú ìyẹn. Fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ sí i ṣáájú o, tí ohun tó bá sọ bá sì yàtọ̀ sí tinú ìwé, má já a níyàn lórí afẹ́fẹ́.

Ọmọ_Bleachers
Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gbajúmọ̀ dà yín láàmú rárá. .200 péré ni batting average Bob Uecker nígbà tó ń gbá bésíbọ́ọ̀lù, ìyẹn ni pé nínú ìgbà mẹ́wàá tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, bí ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń yege, síbẹ̀ láti 1971 dé 2024 ló fi wà lórí rédíò tíìmù Brewers ní Milwaukee, àwọn èèyàn ò sì yé fẹ́ràn ẹ̀. Àwọn tó gbá fúngbà díẹ̀ ní major league, líìgì tó ga jù lọ, kó tó di 1980 ni kí ẹ wá. Nígbà yẹn ọdún mẹ́rin lèèyàn ní láti lò kí pẹ́ńsọ̀n tó kàn án, àdéhùn 1980 sọ ọ́ di ọjọ́ 43 ṣùgbọ́n wọn ò ka àwọn ti tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn, ó di 2011 kí wọ́n tó ṣètò owó díẹ̀ fún wọn lọ́dọọdún. Ó ń dùn mí gan-an. Ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín àdúgbò, ẹnikẹ́ni ò sì pè wọ́n.

Tùràyà_Sítúdíò
Ti iṣẹ́ gan-an lèmi fẹ́ sọ. Tó bá jẹ́ orí fóònù ni, òfin FCC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó rédíò, ní kẹ́ ẹ sọ fún un pé ohùn ẹ̀ máa jáde lórí rédíò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí ká a sílẹ̀. Ẹ má ṣàdédé gbé ohùn ìdíje àtijọ́ sórí afẹ́fẹ́ láìgbàṣẹ, ó ní ẹni tó ni ín. Ọ̀pọ̀ àgbà ni etí wọn ti wúwo, ẹ fún un ní headphone tó dáa, kẹ́ ẹ jókòó níbi tó ti lè rí ẹnu yín. Tó bá dákẹ́, ẹ̀yin náà ẹ dákẹ́ díẹ̀ jàre, ó lè jẹ́ pé ó ń rántí ni.

Atọ́kùn_Sátidé
Ẹ ṣé gan-an, bàbá, ẹ̀yin náà ẹ ṣé. @Ọmọ_Bleachers, ṣé mo lè bi wọ́n nípa pẹ́ńsọ̀n yẹn lójú gbogbo ayé?

Ọmọ_Bleachers
Ẹ kọ́kọ́ bi í kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ti ń wá ẹni tí wọ́n máa sọ ọ́ fún, àwọn míì ò fẹ́ kí aládùúgbò mọ iye tó ń wọlé fún wọn. Tó bá lóun ò fẹ́, ẹ bi í nípa ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pè é wá sí major league, ta ló jíṣẹ́ fún un, ta lòun náà sì kọ́kọ́ sáré pè.