Olórí ni mo fi àmì ránṣẹ́ sí, gbogbo agbo ni ó dáhùn: ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn lórí systemctl kill

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti gba oorun lójú mi láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ bá mi wò ó. Mo ń tọ́jú sáfà kan tí ń lo Ubuntu 22.04 fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn. Ètò kan wà lórí rẹ̀ tí a fi Python kọ, tí ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nígbà tí owó wọn bá wọlé, tàbí nígbà tí ọjọ́ sísan gbèsè wọn bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Olórí kan àti òṣìṣẹ́ mẹ́rin ni ètò náà ní, systemd, ètò Linux tí ń bẹ̀rẹ̀ àwọn service (ètò tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀) tí ó sì ń dá wọn dúró, ni ó ń bójú tó gbogbo wọn. Bí logrotate, ètò tí ń pààrọ̀ fáìlì log (àkọsílẹ̀ ohun tí ètò ń ṣe), bá ti yí fáìlì náà padà lóru, ó ní láti fi àmì SIGUSR1 (àmì tí olùkọ ètò lè fún ní ìtumọ̀ tirẹ̀) ránṣẹ́ sí olórí náà, kí ó lè pa fáìlì àtijọ́ dé kí ó sì ṣí tuntun.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń kọ nọ́ńbà process olórí (PID, nọ́ńbà tí Linux fún ètò tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) sínú fáìlì kékeré kan ní /run, kill, àṣẹ tí ń fi àmì ránṣẹ́ sí process, yóò sì lọ kà á níbẹ̀. Èyí ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí di ọjọ́ kan tí ètò náà kú lójijì tí fáìlì náà kò sì kúrò. Nọ́ńbà tí ó wà nínú rẹ̀ ti di ti ètò mìíràn tí ń ṣe àdàkọ ìwé owó wa, àmì náà sì pa á láàárín iṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yé lo fáìlì nọ́ńbà mọ́, kí n fi systemctl, àṣẹ tí a fi ń bá systemd sọ̀rọ̀, kọ èyí sínú postrotate (ibi tí a ń kọ ohun tí logrotate yóò ṣe lẹ́yìn ìyípadà sí):

`systemctl kill -s USR1 atejise.service`

Láti ìgbà náà, òru kan kì í kọjá kí ètò náà má kú kí ó sì tún jí. Ohun tí journalctl (àṣẹ tí ń fi àkọsílẹ̀ systemd hàn) fi hàn mí nìyí:

`atejise.service: Main process exited, code=killed, status=10/USR1`
`atejise.service: Failed with result 'signal'.`

Ó ń padà wá nítorí pé mo kọ Restart=on-failure (bí ó bá bàjẹ́, kí systemd tún un bẹ̀rẹ̀), ṣùgbọ́n àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lásìkò náà kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni wọ́n. Ìyá àgbàlagbà kan tí ń ta aṣọ ti san owó ìtanràn nítorí pé ìránnilétí rẹ̀ kò dé, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí. Ṣé kí n padà sí ọ̀nà àtijọ́ ni?

Ìdáhùn kìíní

Ẹ má padà síbẹ̀ rárá. Ọ̀rẹ́ yín kò ṣì yín lọ́nà, àlàyé rẹ̀ ni kò pé. Bí ẹ kò bá sọ ẹni tí ẹ ń bá wí, gbogbo process tí ó wà nínú cgroup service náà (agbo tí systemd kó wọn sí) ni systemctl kill máa ń fi àmì ránṣẹ́ sí, láti orí olórí dé orí ọmọ tí ó kéré jù. Ohun tí SIGUSR1 sì máa ń ṣe sí process tí kò bá múra sílẹ̀ dè é ni pé kí ó pa á. Lórí Ubuntu 22.04, ẹ fi `--kill-who=main` kún un; `--kill-whom` ni wọ́n ń kọ nínú àwọn ẹ̀dà tuntun.

Ìdáhùn kejì

KillMode=process ni kí ẹ kọ sínú fáìlì service náà, yóò tán síbẹ̀.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti dán méjèèjì wò ní alẹ́ àná, ìlà kan náà ni mo bá nínú log ní òwúrọ̀ yìí. Olórí ètò wa sì mọ SIGUSR1 dájú, nítorí pé èmi fúnra mi ni mo kọ ìlà tí ó ń gbà á.

Ìdáhùn kẹta

Àbúrò mi, kọ́kọ́ yọ KillMode=process yẹn kúrò kí ó tó dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Ìgbà tí a bá ń dá service dúró ni KillMode ń ṣiṣẹ́, kò ní ọwọ́ nínú àmì tí o bá fi systemctl kill rán. Bí o bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ tí o bá sọ pé kí service dúró, olórí nìkan ni yóò kú. Àwọn òṣìṣẹ́ lè máa ṣiṣẹ́ lọ láìní alábòójútó, kí ẹni kan náà sì gba àtẹ̀jíṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Tún ìlà tí o fi hàn wá kà dáadáa. Ó ní main process ni USR1 pa. Ìwọ sì sọ pé olórí rẹ mọ USR1, mo sì gbà ọ́ gbọ́. Nígbà náà, ẹni tí systemd ń pè ní main kì í ṣe ẹni tí ìwọ ń pè ní olórí. Jọ̀wọ́, fi ohun tí `systemctl status atejise` kọ hàn wá, pàápàá ibi tí igi CGroup wà.

Olùbéèrè

Òun nìyí, ẹ̀gbọ́n:

`Main PID: 1412 (bash)`
`├─1412 /bin/bash /opt/atejise/bere.sh`
`├─1415 python3 olori.py`
`├─1420 /opt/atejise/osise`

Òṣìṣẹ́ mẹ́ta yòókù tẹ̀ lé 1420. Mo ní láti sọ pé bere.sh, ìwé àṣẹ tí bash ń kà, ni ó ń wọ inú fódà ètò náà, tí ó ń kó àwọn variable jọ, tí ó wá fi àmì & bẹ̀rẹ̀ Python lábẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ rẹ̀, tí ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí /run, tí ó sì ń dúró pẹ̀lú wait. N kò rò ó rí pé bash náà ka ara rẹ̀ mọ́ wọn.

Ìdáhùn kẹta

Bash gan-an ni main. Process tí ExecStart bá bẹ̀rẹ̀ ni systemd mọ̀ sí main nínú service tí Type rẹ̀ jẹ́ simple, kò sì bìkítà bóyá iṣẹ́ tòótọ́ wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Bash rẹ kò ní trap (ìlà tí ń gba àmì) fún USR1, nítorí náà àmì náà pa á lójú ẹsẹ̀. Bí main ti kú, systemd ka service náà sí èyí tí ó ti bàjẹ́, ó fi SIGTERM (àmì pé kí process dúró) kó àwọn tó kù nílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn ìdáhùn kìíní, tí ó tọ́ ní ipò rẹ̀, kò fi gbà ọ́: ṣe ni ó darí àmì náà sí bash nìkan.

Nínú bere.sh, yọ & kúrò, yọ ìlà tí ń kọ nọ́ńbà kúrò, yọ wait kúrò, kí o wá kọ `exec python3 olori.py` sí ìparí. Exec kì í bí ọmọ tuntun. Python yóò jókòó sí ipò bash pẹ̀lú nọ́ńbà bash gan-an, òun ni yóò sì di main. Bí o bá ní àyè, gbé fódà náà lọ sí WorkingDirectory=, kí o sì gbé àwọn variable lọ sí Environment=, kí o má nílò bash mọ́ rárá.

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ ṣì wà nínú ewu bí àmì bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Ètò ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ohun tí olórí sì ti kọ́ láti fi gba USR1 kì í bá wọn kọjá exec. Nítorí náà, kọ èyí sínú fáìlì service náà:

`ExecReload=/bin/kill -USR1 $MAINPID`

Ṣe daemon-reload kí systemd tún fáìlì náà kà, restart service náà lẹ́ẹ̀kan, kí o sì jẹ́ kí postrotate máa pe `systemctl reload atejise.service`. Systemd mọ nọ́ńbà main nígbà gbogbo, kò sí fáìlì tí yóò di àlòkù, ẹni tí yóò bá sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ lọ́la kò ní láti há orúkọ àmì sórí.

Olùbéèrè

Mo ti ṣe é, ẹ̀gbọ́n, àwòrán igi náà sì ti yí padà: python3 ni ó wà lókè báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù. Bí mo bá fẹ́ dá service náà dúró ní ọ̀sán, báwo ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò ṣe parí èyí tí ó wà lọ́wọ́ wọn?

Ìdáhùn kìíní

KillMode=mixed ni ẹ nílò fún èyí. SIGTERM yóò kọ́kọ́ lọ bá olórí nìkan, kí ó lè sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n parí èyí tí wọ́n dì mú. Ẹ rí i dájú pé olórí dúró dè wọ́n kí ó tó jáde, nítorí pé bí ó bá ti jáde, SIGKILL, àmì tí ń pani lójú ẹsẹ̀, ni yóò kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣẹ́kù, òṣìṣẹ́ kò sì lè kọ SIGKILL. Ìṣẹ́jú àáyá 90 ni systemd máa ń fún wọn bí ẹ kò bá yí i padà; bí iṣẹ́ yín bá ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi TimeoutStopSec= kún un.

Olùbéèrè

Mo ti kọ mixed, olórí sì ń dúró de àwọn òṣìṣẹ́ báyìí. Ní alẹ́ àná, kí n tó sùn, mo wo MainPID: 20871 ni. Logrotate ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ òru, fáìlì log tuntun ti ń gba ọ̀rọ̀, 20871 náà ni mo sì tún bá níbẹ̀ ní òwúrọ̀ yìí. Mo ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí akápò ẹgbẹ́ náà láti ṣàlàyé pé sáfà ni ó fa ẹ̀bi, kí wọ́n dá owó ìtanràn ìyá yẹn padà fún wọn.