Ẹ̀dá ìtàn mi ni ẹlòmíràn ń darí: báwo ni kí n ṣe sọ ọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí ìtàn àjùmọ̀kọ, ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Àwa mẹ́rin ni a jọ ń kọ ìtàn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí oníkálukú sì ń darí ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀. Ọ̀kan nínú wa kì í kọ pé ẹ̀dá ìtàn òun gbé idà sókè sí tèmi, kí ó sì dúró kí n sọ bóyá ó bà á tàbí ó yẹ̀ ẹ́. Ohun tí ó máa ń kọ ni pé idà ti wọlé, pé tèmi ti ṣubú, ó sì ti ń bẹ̀bẹ̀. Tirẹ̀ kò fara gbọgbẹ́ rí. Èyí tí ó dùn mí jù ni ti àṣírí kan tí mo fi sínú ìrònú ẹ̀dá ìtàn mi: àwa òǹkọ̀wé kà á, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan nínú ìtàn tí ó gbọ́ ọ, síbẹ̀ ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

N kò rò pé ó fi ìkà ṣe é, a kò sì kọ òfin kankan sílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé ìkọ̀kọ̀ ni kí n ti bá a sọ̀rọ̀, àbí níwájú gbogbo wa? Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a pa ìpínrọ̀ rẹ̀ rẹ́, nígbà tí àwọn méjì yòókù ti kọ tiwọn lé e lórí? Tí a bá sì fẹ́ ṣe òfin nísinsìnyí, báwo ni a ṣe lè gbé e kalẹ̀ tí kò fi ní dà bí ẹni pé òun nìkan ni a ń bá wí?