Ẹ gbà mí o: ṣé kí òfin fàyè gba igbó ni, àbí kó máa dè é lọ?

Ẹ̀gbọ́n_Lágbájá:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ọmọ ọdún 16 ni àbúrò mi ọkùnrin nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu igbó. Nígbà tó pé 19, ó ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́, ó ní a fẹ́ pa òun. Ó ti ń lo oògùn báyìí, ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní ẹni tó bá ní kí ìjọba gbẹ́sẹ̀ òfin kúrò lórí igbó, ọ̀tá òun ni. Ìyàwó mi ní, "Ṣebí òfin wà nígbà tó ń mu ún?" Mi ò rí èsì fọ̀. Kí lẹ rí sí i?

Nọ́ọ̀sì_Òru:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á wò ó sàn. Ọ̀dọ̀ àwọn alárùn ọpọlọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń mu igbó ló ń rí bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ ẹni tó bá tètè bẹ̀rẹ̀, tó ń mu ún lójoojúmọ́, tírú àìsàn yẹn tún wà nínú ẹbí rẹ̀, ewu tiẹ̀ pọ̀. THC, èyí tó ń yí èèyàn lójú nínú rẹ̀, sì ti le ju ti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn lọ fíìfíì. CBD, èròjà mìíràn nínú igbó náà, ni kì í yíni lójú. Òun ni wọ́n fi ṣe Epidiolex, oògùn wárápá tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2018.

Agbẹjọ́rò_Àgbà:
Nọ́ọ̀sì, aláìsàn lẹ̀ ń rí, ẹlẹ́wọ̀n lèmi ń rí. Ìdì kan péré lápò ọmọ ogún ọdún, ayé ẹ̀ ti dàrú nìyẹn. Láti ọdún 2001, ní Portugal, wọn kì í fi ẹni tó ní ìwọ̀nba tí òun fúnra rẹ̀ máa mu sẹ́wọ̀n. Iwájú ìgbìmọ̀ kan ni wọ́n ń ní kó wá. Ẹni tó ń tà á ṣì ń ṣẹ̀wọ̀n. Ìyẹn kì í ṣe ti Uruguay (2013) àti Kánádà (2018), tí wọ́n ń tà á nísọ̀ lábẹ́ òfin. Kódà Quebec, ní Kánádà yẹn náà, sún ọjọ́ orí ẹni tó lè rà á sí 21 lọ́dún 2020. Ẹni tó ń tà á ní kọ̀rọ̀ kì í béèrè ọjọ́ orí.

Nọ́ọ̀sì_Òru:
Òótọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n ọmọ 16 á kàn rán ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sísọ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n_Lágbájá:
Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà ló kọ́kọ́ fún un. Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ohun kan wà tí mi ò sọ lẹ́ẹ̀kan: oṣù mẹ́ta gbáko la fi ti ọmọ yìí mọ́lé ká tó gbé e lọ sílé ìwòsàn, torí a rò pé tí dọ́kítà bá béèrè ohun tó ń mu, ọlọ́pàá ni wọ́n máa pè. Màá ka ti Portugal yẹn sétí ẹ̀gbọ́n wa lálẹ́ òní. Ti ìsọ̀ yẹn ni kò tíì wọ̀ mí létí.