Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ lórí òòfà ilẹ̀ ayé?

Afòkúta-ṣeré: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi òòfà ilẹ̀ ayé mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣí nípò. Ìwé méjì tí mo ṣí, ìṣirò ni wọ́n fi kí mi káàbọ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ kà?

Abẹ́rẹ́ Àríwá: Pa ìwé dé ná. Jẹ́ kí ìtẹríba abẹ́rẹ́ òòfà kọ́kọ́ yé ọ. Ní ìlà agbedeméjì ayé, ó nà gbalaja. Bó o ṣe ń lọ sí àríwá ni orí rẹ̀ ń tẹ̀ sísàlẹ̀, títí á fi dúró ṣánṣán. Bí òkúta òkè oníná bá tutù kọjá 580°C, mágínẹ́táìtì inú rẹ̀, ìyẹn èròjà irin tó ní òòfà, á di ìtẹríba ọjọ́ yẹn mú. Bí ìtẹríba bá jẹ́ 49°, ibi tó jìnnà tó nǹkan bí 30° sí agbedeméjì ayé ni òkúta náà ti tutù. Basalt Deccan, òkúta oníná dúdú kan ní Íńdíà, tó ti tó mílíọ̀nù 66 ọdún, apá gúúsù agbedeméjì ló tutù sí. Àríwá ló wà lónìí!

Ìsàlẹ̀ Òkun: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èmi ò ní gba ibẹ̀. Àpilẹ̀kọ Vine àti Matthews, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ayé méjì, 1963, nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature, ni kó kà. Ojú ìwé mẹ́ta péré! Òòfà máa ń yí padà, àríwá á di gúúsù; onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Brunhes, ti rí i nínú òkúta ilẹ̀ Faransé ní 1906. Ilẹ̀ tuntun tó ń jáde láàárín òkun ń kọ ìyípadà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ìlà sọ́tùn-ún, ìlà sósì, bákan náà. Ìyípadà tó kẹ́yìn ti tó nǹkan bí 780,000 ọdún. Ẹni tó bá sì ní "ó ti pẹ́ jù, ó ti yẹ kó yí", má dá a lóhùn: ìgbà kan wà tí kò yí fún bíi mílíọ̀nù 40 ọdún.

Afòkúta-ṣeré: Ẹ ṣeun. Ṣé òòfà inú òkúta lè sọ bí ilẹ̀ ṣe lọ sí ìlà-oòrùn náà?

Abẹ́rẹ́ Àríwá: Rárá o. Àríwá àti gúúsù nìkan ló mọ̀, àti bóyá ilẹ̀ náà ti yí po.

Àgbà Òkúta: Gba GPlates, ètò orí kọ̀ǹpútà ni, ọ̀fẹ́ sì ni, kó o máa fi ojú rí bí awẹ́ ilẹ̀ ṣe ń rìn. Ìwé tí Lisa Tauxe, onímọ̀ òòfà òkúta, kọ náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́; fo ìṣirò rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́.

Afòkúta-ṣeré: Òkúta tí erùpẹ̀ dì ńkọ́, bàbá?

Àgbà Òkúta: Ìyẹn máa ń purọ́ díẹ̀. Ẹrù tó wà lórí rẹ̀ á ti tẹ òòfà inú rẹ̀ pẹlẹbẹ, á wá dà bí ẹni pé ó sún mọ́ agbedeméjì ayé ju bó ṣe wà lọ. Òkúta oníná ni kó o fi bẹ̀rẹ̀.