Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó róbọ́ọ̀tì aparadà jọ, kí lẹ máa ń wò lára ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ pé ó dáa?

Ọmọ_Táńkẹ̀:

Ẹ kú ilé o, ẹ kú oòrùn yìí náà. Táńkẹ̀ n'Ílọrin ni mo wà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kó róbọ́ọ̀tì Transformers jọ, àwọn tó ń di mọ́tò, àwọn tó ń di báálù, gbogbo ẹ̀ ti di 14 nínú yàrá mi. Méjì péré ni mo rà nínú páálí, inú béèlì tóyì tókùnbọ̀ ni mo ti ṣa ìyókù, l'Ọ́jà Tuntun àti lápá Post Office, àwọn ìyá tó ń tà á ti mọ̀ mí débi pé tí wọ́n bá ti tú béèlì wọ́n á pè mí lórí fóònù pé róbọ́ọ̀tì mi ti dé o.

Sátidé tó kọjá mo rí Optimus Prime kan níbẹ̀, ìyẹn olórí àwọn róbọ́ọ̀tì rere, kì í ṣe ti fíìmù o, ti kàtúùnù Transformers Animated ni, èyí tí Cartoon Network bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn ní December 2007. Ẹni tó bá wò ó á rántí pé ọkọ̀ panápaná ló ń dà níbẹ̀, àáké ló sì fi ń jà. ₦2,500 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Mo fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́, àwọ̀ pupa ẹ̀ ṣì ń dán, inú mi dùn tí mi ò lè sùn. Ṣùgbọ́n àáké ẹ̀ ò sí níbẹ̀, tó bá sì ti di róbọ́ọ̀tì ìbàdí ẹ̀ ò dúró, tí mo bá gbé e sórí ṣẹ́ẹ́fù á rọra máa tẹ̀ síwájú títí á fi dojú bolẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ni pé mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Optimus mi kejì, èyí tí wọ́n tún tẹ̀ jáde bí ti 1984 gẹ́lẹ́, ọdún tí Transformers kọ́kọ́ jáde, ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń kó o wá wò wọ́n, ó ní kí n ta ti Animated yẹn dànù, tóyì ọmọdé lásán ni, pé ti 1984 lẹni tó mọ nǹkan ń kó. Mi ò gbà, ó ń dùn mí lọ́kàn, ṣùgbọ́n mi ò rí àlàyé tí mo lè ṣe fún un ju pé èyí wù mí. Ẹ̀yin àgbà inú ẹ̀, kí lẹ máa ń wò? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú, nítorí mo rí Made in China lára ẹ̀ tí ọkàn mi sì já? Ìbàdí yẹn ńkọ́?

Ìyẹ̀rú_Ọkín:

Àbúrò mi, o kú ọjà. Ọ̀fà ni mo wà. Nílé wa ìjàkadì lorò, ẹsẹ̀ la sì kọ́kọ́ máa ń wò lára ẹni tó bá wọ agbo, nítorí náà ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣe fún róbọ́ọ̀tì ni pé màá gbé e dúró lórí tábìlì, màá sún ẹsẹ̀ ẹ̀ kan síwájú, màá wá fọwọ́ gbá tábìlì yẹn jẹ́jẹ́. Èyí tó bá ṣubú, bó ti wù kí ojú ẹ̀ dáa tó, máàkì ẹ̀ ti dín lọ́wọ́ mi.

Ní ti ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ, èmi náà fẹ́ràn ti 1984, mo fẹ́ràn ẹ̀ dé góńgó, ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́. Tóyì ló ṣáájú kàtúùnù nígbà yẹn. Takara ní Japan ti ń ta àwọn róbọ́ọ̀tì yẹn fún àwọn ọmọ tiwọn, Diaclone lorúkọ ìdílé kan, Micro Change lorúkọ èkejì, Hasbro ti Amẹ́ríkà ló lọ gbà wọ́n wá, tó fún wọn lórúkọ tuntun, tó pín wọn sí Autobot, àwọn ẹni rere, àti Decepticon, àwọn ẹni ibi, tó wá ní kí wọ́n ṣe kàtúùnù tó máa bá òun ta ọjà. Nínú Diaclone, awakọ̀ kékeré bí ọmọ ìka ló máa ń jókòó sínú róbọ́ọ̀tì, mọ́tò tá à ń rí lójú títì ni wọ́n sì fi ṣe é, ìdí nìyẹn tí àwọn ọkọ̀ yẹn fi jọ ọkọ̀ gidi tó bẹ́ẹ̀. Micro Change ní tiẹ̀, nǹkan ìlò ẹ̀dá ló ń dìde di róbọ́ọ̀tì, ibẹ̀ ni Megatron ti wá tó ń di ìbọn Walther P38, ibẹ̀ náà ni Soundwave ti wá tó ń di rédíò kásẹ́ẹ̀tì, tí kásẹ́ẹ̀tì kéékèèké inú ẹ̀ náà tún ń paradà.

Ó dáa, tí ọkọ̀ bá ti dáa tán, róbọ́ọ̀tì ńkọ́? Lọ wo àwòrán Ironhide ti 1984. Tóyì yẹn ò lórí! Wọ́n kàn lẹ sítíkà ojú mọ́ orí àga kan ni, lẹ́yìn gíláàsì iwájú ọkọ̀. Àwọn tó ya kàtúùnù ló fún un lórí, ló fún un lẹ́nu tó fi ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tó wo kàtúùnù tó wá lọ ra tóyì, ẹni tó rí nínú tẹlifíṣàn kọ́ ló bá nínú páálí.

Animated yí ọ̀rọ̀ yẹn padà. Àwòrán ló dé ṣáájú níbẹ̀. Derrick J. Wyatt ló ṣáájú àwọn tó ya àwọn ẹ̀dá inú ẹ̀, ó fún wọn ní àgbọ̀n tó fẹ̀ bí ọkọ́, ìbàdí tín-ín-rín, apá tó fẹjú nísàlẹ̀, gbogbo ara ìlà wíwọ́, agbára káká lo fi máa rí ibi tó gún gbọnrangandan lára wọn. Àwọn tó ń gbẹ́ tóyì ló wá ní láti wá ọgbọ́n tí rọ́bà á fi tẹ̀lé ìlà wíwọ́ yẹn, kó sì tún pa dé bíi mọ́tò. Iṣẹ́ ńlá ni! Blitzwing wọn ń di báálù, ó tún ń di táǹkì ogun, ojú mẹ́ta ló ní nínú kàtúùnù, tóyì ẹ̀ náà sì ní ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wàá máa yí lórí ẹ̀. Tó bá jẹ́ tóyì ọmọdé lásán nìyẹn, èmi ò mọ èyí tá a máa pè ní tàgbà. Má tà á.

Aláṣọ_Òfì:

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n Ọ̀fà. Èmi òfì ni mò ń hun n'Ílọrin níbí, ilé ni mo ti kọ́ ọ. Tí wọ́n bá mú aṣọ wá pé ká bá wọn wò ó, ojú ẹ̀ kọ́ la máa ń kọ́kọ́ wò, ẹ̀yìn ẹ̀ la máa yí sókè, ibẹ̀ ni òwú tó já ti máa ń yọjú. Bí mo ṣe ń wo róbọ́ọ̀tì náà nìyẹn, iwájú wọn máa ń dáa nínú fọ́tò, ẹ yí i padà kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn. Mélòó nínú wọn ló gbé gbogbo orí mọ́tò pọ̀n sẹ́yìn bí ẹni pọnmọ, ilẹ̀kùn ń fì lápá ọ̀tún, táyà ń fì lápá òsì, kò ríbi kó wọn pamọ́ sí. Ẹ tún wo abẹ́ apá àti ẹ̀yìn ẹsẹ̀, lóde òní wọ́n ń dín rọ́bà kù, apá á kàn ṣófo bí ìdajì igbá, tó o bá wò ó látẹ̀yìn wàá máa rí inú ẹ̀. Èyí máa ń bí mi nínú torí owó ńlá ni wọ́n fi ń tà á.

Tó bá wá di mọ́tò, mo máa ń wo ìpàdé ara ẹ̀. Òfì kéékèèké la máa ń rán pọ̀ kó tó di odindi aṣọ, tí ìlà ọ̀kan ò bá ti bá ìlà èkejì mu ojú á rí i láti òkèèrè. Mọ́tò tó bá ní àlàfo láàárín orí ẹ̀ àti ilẹ̀kùn ẹ̀, tó o fi ń rí ìka róbọ́ọ̀tì níbẹ̀, iṣẹ́ yẹn ò tíì parí.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú: Made in China kì í ṣe ẹ̀rí pé ayédèrú ni, China ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ojúlówó pàápàá. Orúkọ ni kó o wá, wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ rí sára rọ́bà, ní abẹ́ ẹsẹ̀ tàbí inú itan, lẹ́tà wẹ́wẹ́ ni. Wàá rí HASBRO, wàá tún rí TOMY nítorí Takara àti Tomy ti parapọ̀ láti 2006. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú sábà máa ń ha orúkọ yẹn kúrò, ojú ibẹ̀ á wá rí bíi pé wọ́n fọ̀bẹ fá a. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jáde láti 1985 títí dé ìparí àwọn ọdún 1980 ní tiwọn ní sítíkà onígun mẹ́rin kan tó dúdú, tó o bá fi àtàǹpàkò rà á kó gbóná, ojú Autobot tàbí Decepticon á yọ, torí ayédèrú náà ni wọ́n ṣe fi í sí i. Tìẹ kò ní ní ìyẹn o, má wá a.

Ìbàdí: kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn itan bóyá sukúrù wà níbẹ̀ tó ti dẹ̀, fún un díẹ̀díẹ̀, má fún un jù kí rọ́bà má sán. Tó bá jẹ́ oríkèé onírórí, èyí tí orí roboto kan wọ inú ihò, yọ ọ́, kun kútẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀ sórí roboto yẹn, jẹ́ kó gbẹ títí dọjọ́ kejì kó o tó dá a padà, tí kò bá tíì le tún kun ún lẹ́ẹ̀kan. Tó o bá kánjú dá a padà ní tútù á lẹ̀ pátápátá, tó o bá wá fipá yí i á kán. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kó o lo súpáglù.

Ìyá_Ìbejì_ÒmùÀrán:

Ẹ pẹ̀lẹ́ ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Gbogbo yín ń wo róbọ́ọ̀tì bí ohun tó máa dúró sórí ṣẹ́ẹ́fù. Ìbejì ni mo bí, wọ́n ti di ọmọ ọdún mẹ́jọ, Taye ló kọ́kọ́ fẹ́ràn ẹ̀ tí Kẹ́hìndé sì tẹ̀ lé e, èmi náà wá di ẹni tó ń jókòó tì wọ́n lórí ẹní lálẹ́ tá a jọ ń yí i, ó ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀ báyìí. Ohun tí mò ń wò ni ìparadà yẹn gan-an. Tí mo bá gbé e fún wọn láìfún wọn ní ìwé àlàyé, ṣé ara ẹ̀ á fi ọ̀nà hàn wọ́n? Ṣé tí wọ́n bá yí apá kan, apá tó kàn á máa pè wọ́n? Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ó gbà tó ìṣísẹ̀ 30 kó tó di mọ́tò, àgbà tó ń kó o jọ á máa yìn ín pé ó jinlẹ̀, ṣùgbọ́n nílé tèmi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló di mọ́tò, látìgbà náà ló ti wà bẹ́ẹ̀ torí kò sẹ́ni tó fẹ́ jìyà yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Aparadà tí kì í paradà, kí la fẹ́ pè é?

Ẹ̀yìn tó ṣófo tí bọ̀ọ̀dá aláṣọ ń sọ, àwọn ọmọ mi ò rí i rí. Ohun tí wọ́n ń rí ni kí ọwọ́ já. Èyí tí oríkèé ẹ̀ jẹ́ onírórí ni mo fẹ́ràn fún wọn, torí tí wọ́n bá fà á jù á kàn yọ, màá tì í padà, àmọ́ èyí tí wọ́n fi píìnì irin gún, tó bá ti kán ó kán nìyẹn. Mi ò sì jẹ́ kí àbúrò wọn ọlọ́dún méjì súnmọ́ ọ̀kọ̀ àti ọta tó ń ta jáde lára wọn, tó bá gbé e mì wàhálà dé.

Ọmọ_Táńkẹ̀, irú àáké wo lò ń wá? Agbọ̀n kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn tí mò ń kó ohun ìjà tí kò lólóhun sí.

Aláṣọ_Òfì:

Àǹtí, òótọ́ lẹ sọ lórí ìṣísẹ̀ tó pọ̀ jù yẹn, mo ní ọ̀kan tí mo ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n lórí ẹ̀yìn tó ṣófo mi ò ní gbà, ọmọ ò rí i lónìí, tó bá di ọmọ ọdún 15 tó ṣì ń tọ́jú ẹ̀ á rí i.

Ọmọ_Táńkẹ̀:

Alhamdulillahi, ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wá a, orúkọ Hasbro wà nínú itan ẹ̀, lẹ́tà ẹ̀ já gaara, ẹnikẹ́ni ò ha á. Sukúrù méjì ló wà lẹ́yìn itan, ọ̀kan ti dẹ̀ débi pé ó ń mì, mo fi sukudíráíbà kékeré tí mo yá lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Challenge fún un. Kútẹ́ẹ̀sì àǹtí mi ni mo kùn sí apá kejì, mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, mo sì dúró kó gbẹ. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tó ti wà lórí ṣẹ́ẹ́fù, ẹsẹ̀ kan níwájú, mo gbá tábìlì bí ẹ̀gbọ́n Ọ̀fà ṣe wí, kò mira.

Mo wá yí àwọn Optimus méjèèjì padà wo ẹ̀yìn wọn. Ti 1984 mọ́tò ẹ̀ dáa jù lóòótọ́, orí tírélà ẹ̀ pa dé láìní àlàfo, ṣùgbọ́n tó bá di róbọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ rìn, ó kàn ń nà gan-an ni. Ti Animated, mo lè mú un kúnlẹ̀, mo lè mú un sáré, tí mo bá tẹ orí ẹ̀ síwájú díẹ̀ á rí bí ìgbà tó ń ronú nínú kàtúùnù yẹn, tí wọn ò tíì kà á sí akọni kankan. Mo fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi, kò tíì fèsì, ṣùgbọ́n mi ò tà á mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀fà, iwájú fèrèsé ni ṣẹ́ẹ́fù mi wà, oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń wọlé síbẹ̀. Ṣé kò léwu?

Ìyẹ̀rú_Ọkín:

Gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí. Rọ́bà funfun ló máa ń kọ́kọ́ lọ, oòrùn á sọ ọ́ di àwọ̀ yẹ́lò bí eyín ẹni tó ń jobì. Tó o bá ní èyíkéyìí tó ń lo bátìrì, yọ bátìrì ẹ̀ kó tó da omi sínú ẹ̀. Tó o bá sì pàdé àwọn ti ìparí 1980 sí 1990 tí rọ́bà wọn ní àwọ̀ góòlù tó ń dán yíríyírí bí ẹni po ó pọ̀, fojú wò ó, má yí i, irú rọ́bà yẹn máa ń gbó láti inú wá, ó lè wà nínú páálí láìsẹ́ni tó fọwọ́ kàn án kó sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ lọ́jọ́ tó o bá kọ́kọ́ tẹ apá ẹ̀. Ọ̀kan fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, títí di òní ó ń dùn mí.

Ọmọ_Táńkẹ̀:

Mo ti gbé e lọ sí ara ògiri kejì. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé mà, àáké ẹ̀ ní ọ̀pá gígùn tó lè kúrú, mo ti fi fọ́tò ẹ̀ síbí látinú kàtúùnù.

Ìyá_Ìbejì_ÒmùÀrán:

Mo tú agbọ̀n yẹn. Àáké méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan kúrú jù, ti ẹlòmíì ni, ṣùgbọ́n èkejì jọ ti fọ́tò yẹn, Kẹ́hìndé ní kò sí nínú ohun tóun ń lò. Mi ò fẹ́ fi ránṣẹ́ kó má wá wọ ọwọ́ ẹ̀. Fi rúlà wọn ihò ọwọ́ Optimus yẹn kó o kọ ọ́ síbí, èmi náà á wọn ìdí àáké. Tó bá bára mu, ọ̀gá mi kan ń bọ̀ n'Ílọrin lọ́jọ́ Àlàmísì, màá fi rán an sí ẹ.