Ilẹ̀ etíkun ní Ibeju-Lekki: ká sanwó ni àbí ká dúró?

Ìyá Ìbejì (Kubwa): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n fi ilẹ̀ kan lọ̀ wá lọ́nà Eleko, ní Ibeju-Lekki. Ọkọ mi fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ de ìgbà tó bá fẹ̀yìn tì, ó ní eruku ọyẹ́ Abuja ti sú òun. Ajẹ́ńtì ní Excision, ìyẹn kí ìjọba dá apá kan ilẹ̀ tó ti gbà padà fún ìlú, ń bọ̀ lọ́nà, pé tá a bá pẹ́, owó máa lé sí i. Fídíò nìkan la rí. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Ṣadé (Lugbe): "Ń bọ̀ lọ́nà" kẹ̀! Kò tíì sí nìyẹn. Ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà ni, ìlú ṣì ń tọrọ apá kan padà. Ó dìgbà tó bá jáde nínú Gazette, ìwé ìkéde ìjọba. Ẹ gba sọ́fè, ìwé àwòrán ilẹ̀ náà, lọ́wọ́ ajẹ́ńtì, kí sọ́feyọ̀ tiyín, ẹni tó ń wọn ilẹ̀, gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa, kí wọ́n fi wo máàpù ìjọba.

Lọ́yà Gwarinpa: Ẹ má fojú Abuja wò ó o. Níbí, mínísítà ló ń pín ilẹ̀, AGIS, ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Abuja, la ti ń yẹ ìwé wò. L'Ékòó, ẹbí onílẹ̀ wà níbẹ̀. Tí olórí ẹbí ò bá fọwọ́ síwèé, òfo ni. Kí àwọn àgbà ẹbí náà fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà lẹ máa wá Governor's Consent, ìyọ̀ǹda gómìnà, gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ 1978 ṣe wí.

Ọmọ Ìlàjẹ (Karu): Ẹ ò tíì béèrè nípa òkun fúnra ẹ̀. Ní Ayétòrò wa, létí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ilé àti ọ̀nà ti bómi lọ. Okun Alfa l'Ékòó náà ń jìyà ẹ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ rán ẹnì kan lọ nígbà òjò, nígbà tí òkun bá kún, kó wo ibi tí omi dé. Kó tún béèrè ibi tí ọ̀nà Èkó sí Calabar gbà. Láti 2024 ni wọ́n ti ń wó ilé àwọn èèyàn nítorí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá kọ́lé tán, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ á máa jẹ irin. Rọ́ọ̀dù inú òpó á dípẹtà, á wú, kọnkéré á sì là. Páànù lásán ò lè pẹ́ níbẹ̀. Omi kànga míì, ẹ ò ní lè fi se ẹ̀bà.

Àǹtí Nyanya: Ẹ má gbàgbé owó ìpìlẹ̀, èyí táwọn ọmọ onílẹ̀ ń gbà kéèyàn tó bẹ̀rẹ̀ ilé. Òfin Èkó ti 2016 kà á léèwọ̀, wọ́n ṣì ń gbà á.

Ìyá Ìbejì (Kubwa): Ẹ ṣé gan-an. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè sọ́fè ni, ajẹ́ńtì ní ká kọ́kọ́ sanwó fọ́ọ̀mù.

Bàbá Ṣadé (Lugbe): Ẹ fi èsì ajẹ́ńtì yẹn han ọkọ yín bẹ́ẹ̀.