Mò ń lọ Ítálì, ara mi ò gba wíìtì, ṣé kí n dé sílé àwọn tí ò jẹ gluten?

ỌmọLágere: Ẹ kú ojúmọ́ o. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, celiac ló ń ṣe mí, ìyẹn ni pé gluten, purotéènì inú wíìtì àti báálì, máa ń ba ìfun mi jẹ́, oògùn tífọ́ọ̀dù àti ti ọgbẹ́ inú ni wọ́n sì ń kó fún mi fún bí ọdún 3 kí ẹnì kan tó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kí wọ́n ki kámẹ́rà bọ ọ̀nà ọ̀fun mi wo ìfun. Nílé níbí ó ti mọ́ mi lára, iyán, ẹ̀bà, mọ́ín-mọ́ín, kò sí wàhálà. Àkàrà títì ni mi ò rà mọ́, torí inú òróró kan náà ni màmá yẹn ti ń dín pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Tí wọ́n bá gbé mọ́ọ̀tì fún mi lóde, mo máa ń ní mò ń gbààwẹ̀ ni, tí n bá ní báálì ni wọ́n fi ṣe é wọ́n á ní mò ń ṣe fọ́ọ̀mù. Ó wá di pé mò ń lọ Bologna fún ọ̀sẹ̀ 3, ìdílé kan ní kí n wá dé sọ́dọ̀ àwọn, pé àwọn ò jẹ gluten. Ṣé mo lè máa bi ẹni tó gbà mí sílé bó ṣe ń fọ ìkòkò ẹ̀?

Òṣómàáló: Bi wọ́n jàre àbúrò. Iléṣà ni mo wà báyìí, àmọ́ mo ti dé sílé irú wọn rí ní Jámánì, ìyàwó nìkan ló ní in, ọkọ ń jẹ búrẹ́dì tiẹ̀. Tósítà 2, wọ́n lẹ téèpù pupa mọ́ ti ìyàwó, asẹ́ náà bẹ́ẹ̀, pátákó tí wọ́n fi ń gé nǹkan náà bẹ́ẹ̀. Bọ́tà gan-an lọ́tọ̀, torí ọ̀bẹ tó bá kan búrẹ́dì tó tún padà sínú bọ́tà, ó parí nìyẹn. Gbogbo ilé ni àbí ẹnì kan, ìyẹn ni kó o bèèrè. Wọn ò ní bínú, èmi gan-an, mi ò tíì jókòó tí obìnrin yẹn fi ní kí n kó oúnjẹ inú báàgì mi jáde, ó gbé kúùbù ọbẹ̀ mi súnmọ́ iná, ó kà á, ó rí wíìtì níbẹ̀, ló bá so ó sínú nylon pinpin.

ÌyáÌbejì: Gbé gàárì dání. Èlùbọ́ ọjà ńkọ́? Má dán an wò o, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ ni wọ́n fi ń lọ wíìtì fáwọn tó ní ṣúgà. Ra gbòdò, kó o gún un fúnra ẹ. Má sì gbé pọ̀nmọ́ tàbí wàrà, wọn ò gbà á wọ Yúróòpù láti ọ̀dọ̀ wa.

AráMilan: "Senza glutine", ìyẹn "kò sí gluten", ni kó o máa wò lára páálí, gluten inú ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 20 nínú kílò kan. Báálì ni orzo o, wọ́n máa ń pò ó bíi kọfí, wíìtì sì ni farro. Kẹ́mísì ni wọ́n tún ti ń ta búrẹ́dì tiwa níbí, ó kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín.

ỌmọLágere: Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé mà. Mo ti bi wọ́n, gbogbo ilé ni, ìyàwó àti ọmọ méjèèjì. Wọ́n ní ṣé mo lè kọ́ àwọn ní mọ́ín-mọ́ín. Gbòdò ti wà nínú oòrùn lẹ́yìnkùlé bí mo ṣe ń tẹ èyí.